Èsìẹ́, 1945: Nígbà tí Ìlú Kékeré Kọ́kọ́ Ní Mùsíọ́ọ̀mù

Mo rí i pé àwọn ìlú kéékèèké náà ti fẹ́ ní ilé ọnà tiwọn báyìí. Ó dáa. Àmọ́ àwọn mìíràn á kọ́lé tán, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n máa kó sí i. Ti Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1945. Ti Jos kò dé títí di 1952, ti Èkó di 1957.

Ère ti wà kí ilé tó dé. Inú igbó ni wọ́n wà, wọ́n lé ní 800: ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó jókòó sórí àpótí, àwọn tó mú idà dání, ilà lójú, irun orí ní oríṣiríṣi. Òkúta rírọ̀ tó ń yọ̀ bí ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Púpọ̀ ló ti kán. Àwọn ará Èsìẹ́ kò sọ pé àwọn làwọn gbẹ́ wọn. Wọ́n ní ńṣe làwọn bá wọn níbẹ̀, pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó di òkúta. Ìlú mélòó ló máa ní irú ìṣúra yìí tí kò ní pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ńlá òun?

Ní 1933 ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ìwé ìjọ CMS, ròyìn wọn fún ayé. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé òun ló “ṣàwárí” wọn. Ẹni tó ń bọ ère lọ́dọọdún, ṣé kò mọ ibi tí ère wà ni?

“Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé” là ń pe mùsíọ́ọ̀mù, bí ẹni pé gbogbo ohun inú rẹ̀ ti di àtijọ́. N kò rò pé orúkọ náà bá Èsìẹ́ mu, níbi tí wọ́n ṣì ń ṣọdún ère. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i bí ẹ bá ń kọ ọ́: ère ni, kì í ṣe eré, kì í sì í ṣe èrè.)

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé ìlú wọn ni wọ́n kọ́lé náà sí. Nígbà tí wọ́n wú orí idẹ jáde ní Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, méjì wọ Amẹ́ríkà, ó di 1950 kí wọ́n tó padà. Ọ̀kan wà ní British Museum dòní. Ti Èsìẹ́, èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n olè kò gbàgbé wọn: ní 2000, nígbà tí àjọ ICOM to orúkọ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí olè ń kó jù, ère òkúta Èsìẹ́ wà lára wọn, pẹ̀lú ti Nok àti ti Ifẹ̀.