Àwọn Ìwé Tó Fi Hàn Pé Ìgboyà Nìkan Ò Tó Nídìí Eré Ọkọ̀

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje, ìgboyà ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. A ó ní ẹni tí àyà rẹ̀ kì í já ni yóò borí. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ìwé tí a lè gbé fún ẹni tó ń sáré yìí láìfi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ sọ nǹkan mìíràn fún wa. Ohun tí wọ́n ń fi àyà ṣe tẹ́lẹ̀ ni àwọn ìwé náà sọ di ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọdún 1944 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Sports Car Club of America sílẹ̀. Ní 1948, Cameron Argetsinger, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Cornell, ṣètò ìdíje kan sí ìlú Watkins Glen. Ojú títì gan-an ni wọ́n ti sá a. Ní 1952, ọkọ̀ kan já wọ àárín èrò ìwòran níbẹ̀, ó pa ọmọdé kan, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ìdíje náà kúrò láàárín ìlú. Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ife-ẹ̀yẹ nìkan.

Ní Yúróòpù, àwọn tó mọ eré náà dunjú ń kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀. Denis Jenkinson, oníròyìn tó jókòó ti Stirling Moss nígbà tí wọ́n borí Mille Miglia ní Ítálì ní 1955, tẹ *The Racing Driver* jáde ní 1958. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé Piero Taruffi, *The Technique of Motor Racing*, jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Taruffi. Òun ló gba ipò kìíní nínú Mille Miglia ti 1957, níbi tí jàǹbá ọkọ̀ kan ti pa àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ àti àwọn òǹwòran, tọmọdé tàgbà. Ìṣirò àti àwòrán ló fi ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ gba kọ́nà.

Ẹ̀kọ́ kọ́nà yìí rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ó ní ìwọ̀n tí táyà lè fi di ilẹ̀ mú. Bí awakọ̀ bá ná gbogbo rẹ̀ sórí bíréèkì, kò ní ṣẹ́ ku èyí tí yóò fi yí ọkọ̀. Nítorí náà, kí ó ti dín eré kù nígbà tí ọ̀nà ṣì tọ́, kí ó rọra wọ kọ́nà, kí ó sì tètè tẹná jáde. Eré tó bá bá jáde ni yóò máa jèrè rẹ̀ ní gbogbo gígùn ọ̀nà tó wà níwájú. Àwọn àgbà ṣáà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọdún 1975 mú ìwé ńlá méjì wá. Àkọ́kọ́ ni *The Unfair Advantage*, tí Mark Donohue kọ pẹ̀lú Paul Van Valkenburgh. Donohue, tó borí ní Indianapolis ní 1972, kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ó sì tú àṣírí bó ṣe ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe síta. Èkejì ni *Prepare to Win* ti Carroll Smith. Ìwé yìí kò dá lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù ló ń sọ, páìpù epo àti ti bíréèkì, àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe tán kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: bóòtù kan tí kò fún dáadáa lè ba iṣẹ́ awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà jù lọ jẹ́.

Smith tẹ *Tune to Win* jáde ní 1978. Nígbà tó yá, *Going Faster!* ti Carl Lopez dé ní 1997, ó kó ẹ̀kọ́ ilé-ìwé awakọ̀ Skip Barber jọ. *Speed Secrets* ti Ross Bentley tẹ̀ lé e ní 1998. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi *Going Faster!* kọ́ ọkọ̀ wíwà, kó fi *Prepare to Win* kọ́ ìtọ́jú ọkọ̀, kó wá fi ìwé Donohue mọ bí wọ́n ṣe ń ronú.

Oṣù kẹjọ ọdún 1975 yẹn kan náà ni Donohue kú, lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ ní Austria. Ká ní kò kọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ ì bá bá a wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa wà tó jẹ́ pé ìró ẹ́ńjìnnì lásán ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ẹnu àti ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ta ni yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni?