ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LÓRÍ YÌNYÍN: ÌTÀN ẸGBẸ́ HOCKETTES TI ANN ARBOR

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí iṣẹ́ oko tàbí ọ̀ràn ìlú nìkan. Eré ìdárayá pàápàá ń jẹ́rìí sí i. Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú títí omi fi ń dì gbagidi, eré kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń jùmọ̀ ṣe lórí yìnyín. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀ nínú wọn, iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ni ó bàjẹ́. Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àti bí ohun tí a kọ́kọ́ fi ń dí àlàfo àárín eré mìíràn ṣe di ìdíje gbogbo ayé, ni àròkọ yìí dá lé lórí.

Ìpìlẹ̀ Ẹgbẹ́ Náà

Ìlú Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ni eré yìí ti ṣẹ̀. Ìlú yunifásítì ni, kò sì jìnnà sí Detroit. Bàtà tí a fi ń ṣe eré náà ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ lábẹ́. Irin yìí ni ó ń yọ̀ lórí yìnyín. Ní ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo tàbí ènìyàn méjì ni ó sábà máa ń fi bàtà yìí díje níwájú adájọ́. Ẹni tí kò bá lè fò sókè kí ó sì pòyì bí òkòtó, ẹ̀yìn ni yóò wà. Ọmọ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ eré lè wá rí i pé kò sí àyè fún òun mọ́, kí ó sì fi bàtà kọ́.

Ọ̀ràn yìí ni Dọ́kítà Richard Porter wá ojútùú sí. Ní 1956, ó kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin jọ, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Hockettes. Ète rẹ̀ ni pé kí àwọn tí ó ti mọ eré náà má ṣe fi í sílẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a ṣe ń pè é ní baba eré àjùmọ̀ṣe orí yìnyín títí di òní.

Àárín Eré Àwọn Ọkùnrin

Ibi tí àwọn ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ ṣeré kì í ṣe ti ara wọn. Ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ti Yunifásítì Michigan lókìkí púpọ̀. Ní 1956 kan náà, ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fún ìgbà kẹfà láàárín ọdún 9. Ìpele mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 20 ni a pín họ́kì sí, ìsinmi méjì sì wà láàárín wọn. Bí àwọn ọkùnrin bá ti wọlé lọ sinmi, àwọn Hockettes a jáde sórí yìnyín. Wọn a tò ní ìlà, wọn a di ara wọn mú, wọn a sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ogun tí ó ń yan, tàbí bí àwọn Rockettes, àwọn oníjó New York tí orúkọ wọn jọ tiwọn.

Èrò kò wá nítorí wọn; họ́kì ni wọ́n wá wò. Kò sí ìdíje tí wọ́n lè torí rẹ̀ múra. Síbẹ̀ wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ wọn. Ọdún 18 ni ó kọjá kí ìdíje àkọ́kọ́ fún irú eré yìí tó wáyé, ní 1974, ní Ann Arbor kan náà. Ọmọbìnrin tí a bí ní ọdún tí a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti di géńdé nígbà náà.

Láti Michigan dé Ayé Gbogbo

Láti ìgbà náà, ọ̀ràn náà yára. Ní oṣù kẹta 1976, àwọn ẹgbẹ́ Kánádà àti ti Amẹ́ríkà pàdé nínú ìdíje ní Michigan. Kánádà ṣe ìdíje orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní 1983. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1984, ní Bowling Green, ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1994, ISU, àjọ àgbáyé tí ó ń darí eré orí yìnyín, gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tí ó dá dúró. Ní 1998 a yí orúkọ rẹ̀ padà láti "precision" sí "synchronized": ti àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìṣe tí kò ní àṣìṣe, èkejì sí ìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ní ìgbà kan náà.

Ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Minneapolis ní 2000. Team Surprise ti ilẹ̀ Swídìn ni ó borí. Ọmọ tí a bí ní Michigan ti dàgbà, ó sì ti kọ́lé sí òkè òkun. Ní 2013, àwọn ọ̀dọ́ náà ní ìdíje àgbáyé tiwọn, ní Helsinki, ilẹ̀ Finland.

Ohun Tí Ó Mú Un Le

Ẹni tí ó bá rò pé eré ọmọdé ni, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe kẹ̀kẹ́. Ènìyàn 16 ni ó ń wà nínú ẹgbẹ́ àgbà. Ká ní àwọn 8 tò láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn 8 yòókù sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ìlà náà sì ń yí po. Bí mítà kan bá wà láti ojú àárín dé ẹni àkọ́kọ́, àti láàárín ẹnì kan àti èkejì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó sún mọ́ àárín yóò rin nǹkan bí mítà 6 kí kẹ̀kẹ́ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni ìkángun yóò sá nǹkan bí mítà 50 láàárín àkókò kan náà. Ti àárín gbọ́dọ̀ fara balẹ̀, ti ìkángun gbọ́dọ̀ sá tagbára-tagbára, ìlà kò sì gbọdọ̀ wọ́. Kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré.

Ilẹ̀kùn kan ṣì wà tí kò tíì ṣí. Nígbà tí a ṣe Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing ní 2022, eré yìí kò sí nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ 10 péré, bí ó bá jẹ́ ènìyàn 16 lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò mú eléré 160 wá. Èyí kì í ṣe ẹrù kékeré fún ẹni tí yóò gbà wọ́n lálejò. Ọ̀pọ̀ tí ó jẹ́ agbára wọn náà ni ó wá ń dí wọn lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ìtàn Hockettes kò dá lórí àmì ẹ̀yẹ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó ń múra láti di olùkọ́. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ni ó ń ṣe ipò kìn-ín-ní. Àwọn yòókù ńkọ́? Porter kò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé. Iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe ni ó wá fún wọn, ó sì fi ọwọ́ ọ̀kan lé èjìká èkejì. Àlàfo àárín eré ẹlòmíràn ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di pápá tiwọn.