Ìtàn Ilé-Ìwé Wa Wà Lókè Òkun Pẹ̀lú

A fẹ́ kọ ìtàn ilé-ìwé Kátólíìkì ìlú wa. Níbo ni ìwé rẹ̀ wà?

Ẹ wo àwọn Sister OLA. Fada Augustin Planque dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1876. Nígbà tó di 1877, wọ́n ti dé Èkó. Lẹ́tà tí irú wọn kọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, ọwọ́ ẹgbẹ́ wọn ló wà. Ìwé àwọn Fada SMA ní Róòmù wà lára ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi yẹ̀ wò fún ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì, tó jáde lọ́dún 1965.

Àmọ́ ìní ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ìjọba. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ ààyè, kó sọ ohun tó ń wá. Faransé ni púpọ̀ nínú lẹ́tà àtijọ́. Wọ́n lè fi "ou" kọ ohun tí à ń fi "w" kọ nínú orúkọ ìlú.

Ìwé ìrìbọmi ńkọ́? Páríìṣì ló ń tọ́jú ẹ̀. Rẹ́jísítà ilé-ìwé? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ìwé, kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.

Àbá ẹ̀ka ọ̀dọ́ ni pé kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ Fada tàbí Sister tó kọ́ yín ránṣẹ́, pẹ̀lú ọdún. Àrọ́bá ni bàbá ìtàn, ṣùgbọ́n orúkọ àti ọdún ni wọ́n á fi wá fáìlì fún wa.