Kìnnìún Yẹn Kì í Ṣe ti Jerome

Ẹni tó bá ti rí àwòrán Jerome Mímọ́ lẹ́ẹ̀kan yóò dá a mọ̀ níbòmíràn: bàbá arúgbó onírùngbọ̀n, ìwé, agbárí òkú, fìlà kádínà, àti kìnnìún tó dùbúlẹ̀ bí ajá ilé. Bí èèyàn bá béèrè ohun tó gbé kìnnìún débẹ̀, wọ́n á ní Jerome ló yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ti ẹlòmíràn ni.

Gerasimus ló ni ín, mọ́ńkì tó gbé nítòsí odò Jọ́dánì, tó sì kú ní ọdún 475. Nínú ìwé tí John Moschus kọ ní nǹkan bí ọdún 600, bàbá náà yọ èérún esùsú kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ kìnnìún, ó wá fi í ṣọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n fi ń pọnmi. Oníràkúnmí kan jí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà lọ. Wọ́n ní kìnnìún ló pa á jẹ, ni wọ́n bá di ẹrù omi lé òun gan-an lẹ́yìn, títí ọjọ́ tó tún pàdé olè náà, tó sì fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ràkúnmí mẹ́ta wálé. Lórí sàréè Gerasimus ni kìnnìún náà kú sí.

Lédè Látìnì, Geronimus ni wọ́n ń pe Jerome nígbà mìíràn. Ó rọrùn láti ṣi orúkọ méjèèjì mú, olókìkí sì gba ìtàn mọ́ aláìlókìkí lọ́wọ́. Nígbà tí Jacobus de Voragine fi máa kó ìtàn àwọn ẹni mímọ́ jọ ní sẹ́ńtúrì 13, kìnnìún ti fìdí kalẹ̀ sọ́dọ̀ Jerome.

Lóòótọ́, Jerome fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àkekèé àti ẹranko ìgbẹ́ ni ẹgbẹ́ òun láṣálẹ̀. Ìráhùn ẹni tó ń jìyà nìyẹn, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀gún. Ti fìlà tilẹ̀ tún burú jù: ọdún 420 ni Jerome kú, ọdún 1245 ni Póòpù Innocent Kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn kádínà ní fìlà pupa.

Àwọn afínwòrán ìgbà Baroque kọ́ ló dá àṣìṣe yìí sílẹ̀. Wọ́n bá a nílẹ̀ ni. Wọ́n tiẹ̀ nílò rẹ̀ ju àwọn ọlọ́dà lọ, torí àwòrán tí wọ́n fi tàdáwà dúdú tẹ̀ láti ara páànù bàbà kò lè fi aṣọ pupa han ẹnikẹ́ni. Nínú iṣẹ́ tí Rembrandt, ọ̀kan nínú wọn, ṣe ní ọdún 1648, igi ńlá ló gba ojú àwòrán, síbẹ̀ kìnnìún yọjú lẹ́yìn rẹ̀ kí a lè mọ ẹni tó ń kọ̀wé lábẹ́ igi.

Àmì náà sì lágbára. Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, Ṣàngó ni àwọn ọmọ Yorùbá pe Jerome. Pierre Verger, tó ṣèwádìí nípa òrìṣà, ní kìnnìún tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló fà á, torí ẹranko ọba ni. Kò sẹ́ni tó rántí Gerasimus.