Ẹni tó ń tiro ló gbé ìrètí dé Èbúté Èrò

1/ Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọjá ní Èbúté Èrò láàárín ariwo ọjà, ṣé ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity tó wà níbẹ̀? Ìjọ Áńgílíkà ni. Ọkùnrin kan tó ń tiro dé síbẹ̀ ní 1924, ìrètí tó gbé wá ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀ o.

2/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìyà tó wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé lùkúlùkú wọ Èkó. Ó tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì pa èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn tó yè é ò tíì gbàgbé òkú wọn tí òmíràn fi dé.

3/ Ní oṣù keje 1924, àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò tó ń gbé ara eku ló ń bu èèyàn jẹ. Ibà á gbé onítọ̀hún dè, kókó á so sí abẹ́ abíyá tàbí sí ìtan, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń kú. Ẹ wo bí ilé ṣe fún mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó mọ ìdí tí eku fi ráyè.

4/ Àrùn yìí kò lọ bọ̀rọ̀, ó ń padà wá títí di nǹkan bí 1930. Ìjọba ń pa eku, wọ́n sì ń wó ilé. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928. Ìyẹn ni pé bí àrùn ò bá pa ẹ, òrùlé orí ẹ ṣì lè lọ.

5/ Oṣù keje 1924 yẹn gan-an ni Mósè Orímọládé Túnọláṣe wọ Èkó. Ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ni, láti ìdílé ọba. Kò mọ̀wé kà, kò mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ Bíbélì kún ẹnu ẹ̀. Láti kékeré ni kò ti lè rìn. Ìtàn ìjọ sọ pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àdúrà, ẹsẹ̀ náà gbé e dìde. Ṣùgbọ́n kò jinná tán. Ó ń tiro títí ó fi kú.

6/ Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi rin ìrìn àjò ìwàásù dé ilẹ̀ Òkè Ọya kó tó di pé ó dé Èkó. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ló dé sí. Orúkọ àdúgbò náà sì bá a mu: èbúté àwọn èrò. Èrò ni òun náà.

7/ Ó di oṣù kẹfà 1925. Àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Corpus Christi, wọ́n ń tò kọjá ní Campos Square. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Kristíánà Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wòran. Ó ní òun rí áńgẹ́lì, áńgẹ́lì náà sì tẹ̀ lé òun délé. Ló bá dùbúlẹ̀, kò lè dìde. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ẹ rò ó wò: nínú ìlú tí àrùn eku ti ń pa èèyàn, kí ọmọ yín dùbúlẹ̀ báyẹn!

8/ Wọ́n ránṣẹ́ pe Orímọládé. Ó tiro wá, ó gbàdúrà lẹ́bàá ẹní rẹ̀, ọmọ náà sì jí. Ìròyìn tàn. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tọ̀ ọ́.

9/ Kí ni wọ́n ń wá? Ọ̀pọ̀ Kristẹni Èkó nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ lọ́sàn-án, bí ọmọ bá ṣàìsàn, wọ́n á yọ́ lọ sọ́dọ̀ babaláwo lóru. Orímọládé ní kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ wá síwájú Ọlọ́run: inú rírun, àìrọ́mọbí, ọjà tí kò tà. Ó ń gbà á ní Yorùbá.

10/ Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ẹgbẹ́ àdúrà yẹn gba orúkọ Séráfù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Kérúbù kún un. Abíọ́dún di Captain, ó ń kó ẹgbẹ́ ajíhìnrere kiri ìlú Yorùbá. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń sunkún lé lórí lánàá!

11/ Ibi tí mò ń lọ rèé. Lónìí, tí àdúrà ẹnì kan ò bá tíì gbà, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, wọ́n ń sọ ọ́ fún aláìsàn lórí ibùsùn. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún Baba Aládùúrà? Ó ń gbàdúrà, ẹlòmíràn ń dìde, òun sì ń tiro lọ sílé. Kò fi ẹsẹ̀ náà pa mọ́. Èmi rò pé ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà á gbọ́ nìyẹn: ó mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà.

12/ Ìgbàgbọ́ ò sì gbà wọ́n lọ́wọ́ gbogbo ìṣòro. Àrùn eku ò torí àdúrà lọ lọ́jọ́ kan. Ní 1929, òun àti Abíọ́dún pínyà. Ó kú ní October 19, 1933. Abíọ́dún gbé ayé títí di 1994. Síbẹ̀, ẹ gba Èkó kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ wo iye ẹ̀wù funfun tẹ́ ẹ máa rí.

13/ Torí náà, tí ẹ bá mọ ẹni tó wà lórí ẹní àìsàn, ẹ má bi í léèrè bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe tó. Ẹ lọ bá a jókòó. Ẹ gbàdúrà, ẹ bá a sanwó oògùn, ẹ dúró tì í.

Ẹ̀yin tí màmá yín àgbà jẹ́ Séráfù, kí ni wọ́n sọ fún yín nípa ìgbà yẹn? Mò ń retí yín o.