Ìtọ̀ Ọlọ́pàá Oxford: Kíndìnrín Ju Asẹ́ Lọ

Ní oṣù Kejì ọdún 1941, ní ilé ìwòsàn Radcliffe ní ìlú Oxford, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọlọ́pàá kan ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì. Àrùn ti jẹ ojú àti awọ orí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ṣùgbọ́n bí oògùn ṣe ń wọlé ló ń bá ìtọ̀ jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ikọ̀ Howard Florey, tó ń ṣe oògùn náà, sì rí ṣe. Ni wọ́n bá ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n ń yọ oògùn inú rẹ̀, wọ́n sì tún ń gún un fún un. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, oògùn tán. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ó kú. Ìtọ̀ yẹn jẹ́rìí sí ohun tí àwọn onímọ̀ ti jiyàn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún: kíndìnrín kì í kàn ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣà á.

Ní ọdún 1842, Carl Ludwig ní Jámánì sọ pé ipá ẹ̀jẹ̀ ló ń ti omi gba ara àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín kọjá, bí ìgbà tí a bá ń sẹ́ ògì. Lọ́dún kan náà, William Bowman ní London gbà pé ògiri ọ̀nà ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tú ìdọ̀tí jáde. Ní 1923, E. K. Marshall ní Amẹ́ríkà fa aró sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Èyí tó bá ìtọ̀ jáde pọ̀ ju ohun tí sísẹ́ nìkan lè gbé lọ. Lẹ́yìn náà ló rí ẹja òkun tí kíndìnrín rẹ̀ kò ní asẹ́ rárá, síbẹ̀ tó ń tú aró náà jáde.

Ẹnìkan lè ní pẹnisílìnì kéré tó láti gba ojú asẹ́ kọjá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi ẹ̀jẹ̀ tó dé ibẹ̀ ni asẹ́ ń gbà. Ògiri ló ń fa pẹnisílìnì inú ìyókù jáde. Nígbà tí oògùn probenecid dé ní nǹkan bí ọdún 1950, tó dí ọ̀nà ògiri yẹn, pẹnisílìnì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ká ní asẹ́ nìkan ló wà ni, kí ni ì bá rí dí? Iṣẹ́ asẹ́ kò kéré o: nǹkan bí lítà 180 ló ń sẹ́ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn náà ló ń dá ohun tó ju ìdá 99 nínú 100 omi rẹ̀ padà sára. Bí ó bá ti rẹ kíndìnrín, oògùn tó yẹ kó jáde á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kíndìnrín yín kò bá le mọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kó tó kọ oògùn fún yín.