Fáìlì Àtijọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Tuntun Kò Lè Ṣí: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ohun Inú Rẹ̀ Là

Àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù, bó ti wù kí ẹrù inú rẹ̀ pọ̀ tó, kò lè wúlò fún ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ẹ̀kọ́ tàbí iléeṣẹ́ tó ti ń kó orúkọ àti owó àwọn ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Fáìlì náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tuntun kò lè ṣí i.

Kí ló fà á?

Sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tó ń gbà to ìsọfúnni. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, dBASE ti iléeṣẹ́ Ashton-Tate gbajúmọ̀ púpọ̀; .dbf ni orúkọ fáìlì rẹ̀ máa ń parí sí. Ní 1992 ni Microsoft gbé Access jáde, tí fáìlì tirẹ̀ ń jẹ́ .mdb. Access 97 àti Access 2000 jọ ń lo orúkọ .mdb yìí, síbẹ̀ ìtò inú fáìlì wọn yàtọ̀. Pẹ̀lú Access 2007 ni .accdb tún dé. Láti orí Access 2013, sọ́fítíwíà náà kò ṣí fáìlì Access 97 mọ́.

Ọ̀nà àbáyọ

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ojúlówó. Bó bá jẹ́ ti Access 97, ẹ wá kọ̀ǹpútà tí Access 2003, 2007 tàbí 2010 wà lórí rẹ̀, kí ẹ fi yí i padà sí irú tuntun. Bó bá jẹ́ .dbf, LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣí i. Ṣùgbọ́n bí fáìlì .dbt tàbí .fpt tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kó wọn pọ̀, nítorí inú wọn ni àlàyé gígùn wà.

Bí sọ́fítíwíà àtijọ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi kó àkọsílẹ̀ náà jáde sí CSV, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ́fítíwíà lè kà. Àkọsílẹ̀ nìkan ni CSV ń gbé. Ìbáṣepọ̀ àárín tábìlì kan sí èkejì kò ní bá a lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Bí ẹ bá fi Excel ṣí CSV láìsọ fún un pé nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye, òdo tó ṣáájú 080 yóò pòórá. Bí ẹ bá ń kó nǹkan lọ sínú .dbf, orúkọ òpó kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ. Ní ti èdè Yorùbá, àwọn lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú ìlànà ìkọ̀wé tí Access 97 ń lò; orí Access 2000 ni Unicode ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ orúkọ nígbà náà yóò rí àmì tí kò nítumọ̀, yóò sì ní láti fi lẹ́tà tòótọ́ rọ́pò wọn. Ẹ fi CSV tuntun pamọ́ ní UTF-8.

Lẹ́yìn ìyípadà, ẹ ka iye ènìyàn tó wà nínú ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí ẹ sì ro àpapọ̀ owó méjèèjì. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí owó olówó ni. Kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ṣì ń tàn náà tó kú ni kí ẹ ti ṣe é.